Orúkọ Tí A Ó Pe Ẹ̀kọ́ Ọmọ Tó Ń Ka Ìwé Karùn-ún Nínú Ilé

Òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà tó mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tó wá ń kọ́ ọ níwèé fúnra rẹ̀, yóò ṣàlàyé títí fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà. Bó bá ní ẹ̀kọ́ ilé ni òun ń kọ́ ọmọ, wọn á bi í pé èwo ló wá ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀kọ́ ilé ni ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Òun ni kí ọmọ mọ bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó sì mọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lójú àlejò. Bó bá yí i padà, ilé-ẹ̀kọ́ ló dà, ibi tí ọmọ ọ̀hún kò lọ mọ́. Ẹ̀kọ́ ìwé nínú ilé ni èmi fara mọ́. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ "ìwé" tó wà láàárín rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà tí a fi ń tọ́ ọmọ, kò sì sí ìyá àgbà tí yóò ṣì í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń wá orúkọ pọ̀ ju ẹyọ kan yìí lọ. Àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan fún ọmọ ọdún 10 sí 11, irú èyí tí àwọn òbí ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 180, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 36 bí a bá ka ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: ìṣirò, ìwé kíkà, sáyẹ́ǹsì, ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá á ṣàlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó máa ṣẹ́ kù fún Yorùbá ni "wá jẹun" àti "lọ sùn". Èyí ló ń dùn mí. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí ilé ti wá di ibi tí wọ́n ti ń kàwé, àyè ńlá ṣí sílẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdá, òòfà àti òmìnira ní èdè ìyá wọn, lẹ́nu ìyá wọn gan-an. Àfi kí ìyá náà ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Massachusetts ló kọ́kọ́ fi òfin mú òbí láti rán ọmọ nílé-ìwé ní 1852. Mississippi ló ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn ní 1918. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ṣe wá yọ̀ǹda ẹ̀kọ́ ìwé nínú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di 1993 tí gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ti fàyè gbà á. Texas kì í ní kí òbí fi tó ẹnikẹ́ni létí. New York ń béèrè wákàtí 900 lọ́dún fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹfà, ó sì ń gba ìròyìn iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní Pennsylvania, òbí á kó iṣẹ́ ọmọ jọ kí olùyẹ̀wò lè wò ó, ọmọ á sì ṣe ìdánwò tí gbogbo ọmọ ń ṣe bákan náà ní kíláàsì kẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹjọ. Òbí yẹn kan náà á búra síwèé pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun fi ń kọ́ ọmọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń ní kí Yorùbá lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nídìí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ kó jókòó sí.

"Kíláàsì karùn-ún" yóò ṣe é, àmọ́ èyí tó dùn jù ú lọ ti wà nílẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ka ìwé mẹ́fà, àti àwọn tó ka ìwé mẹ́wàá, ti fi ìwé wọn ìpele ẹ̀kọ́ tipẹ́tipẹ́. Ọmọ yìí ń ka ìwé karùn-ún, ó parí. Àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ náà dára, torí pé ńṣe ni wọ́n là á kalẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ 180, kí òbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tí Pennsylvania ń béèrè ni àkójọ iṣẹ́. Iṣẹ́ tí olùyẹ̀wò sì ń ṣe sí i ni ìgbéléwọ̀n, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Nàìjíríà ti ń kọ sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ wọn.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá" ni kò gbà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni níbi tí wọ́n ti dá a: iṣẹ́ tí a ṣe, tí ó ti ilé wá. Ó ti gbà pé ibòmíràn wà tí ọmọ ń gbé iṣẹ́ náà lọ, àti pé ẹnì kan ń dúró dè é níbẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ilé ló ti gbà á, inú ilé ló ti ṣe é, inú ilé ni wọ́n ti máàkì í, kò gbé nǹkan kan ti ibì kankan wá. Mo rò pé kí a pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, èyí tí òun àti òbí jọ ṣe, àti iṣẹ́ àdáṣe, èyí tó dá jókòó ṣe. Ìyẹn gan-an ni ìpínyà tí òbí tó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nílò, torí pé nígbà tí àbúrò ń ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ẹ̀gbọ́n ní láti máa ṣe àdáṣe.

Inú ìṣirò ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni Yorùbá ti ní ohun ìní jù. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń tẹ̀ lé láti 2010, iṣẹ́ pàtàkì ìwé karùn-ún ni ìdá: rírò àwọn ìdá tí ìpín wọn kò dọ́gba pọ̀, yíyọ wọ́n kúrò nínú ara wọn, àti sísọ wọ́n di púpọ̀, lẹ́yìn náà, àmì ìdá ẹlẹ́wàá dé orí ẹgbẹ̀rún. Ọmọ tó ń bá òbí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ ìdámẹ́wàá kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó ti rí i tí wọ́n yọ dọ́là kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́wàá. Sẹ́ǹtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdá ọgọ́rùn-ún dọ́là. Láti ibẹ̀, ìdá ẹgbẹ̀rún kò jìnnà mọ́. Bó bá rí 0.375, kó kà á pé ìdámẹ́wàá mẹ́ta, ìdá ọgọ́rùn-ún méje, ìdá ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Kíkà rẹ̀ ti di àlàyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra. Bí a bá ní "ìdá mẹ́ta", ọ̀kan nínú mẹ́ta ni a ní lọ́kàn. Bí asọ̀ròyìn rédíò bá ní "ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún", mẹ́ta ti di iye tí a mú, márùn-ún ló di iye tí a pín in sí. Àgbàlagbà mọ̀ ọ́n láìrò ó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdá lè sọnù síbẹ̀. Èrò mi ni pé nídìí ìwé, kí a máa sọ nọ́ńbà méjèèjì nígbà gbogbo: ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni iye ìpín, tòkè ni iye tí a mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó le koko fún méjèèjì. Kò kánjú. Gbólóhùn tó yé ọmọ sàn ju ọ̀rọ̀ tuntun tí a ó tún máa túmọ̀ fún un. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣeé rò pọ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí iye ìpín wọn kò dọ́gba. A gé méjèèjì sí ọ̀nà mẹ́fà. Ìdajì di mẹ́ta nínú mẹ́fà, èkejì di méjì nínú mẹ́fà, àpapọ̀ wọn jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́fà.

Orúkọ nọ́ńbà ní wàhálà tirẹ̀. Ojú ọmọ rí 4 àti 5, etí rẹ̀ gbọ́ márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Àádọ́ta ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ogún-ogún ni Yorùbá fi ń kà, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àmì nọ́ńbà ń tò. Nígbà tí a bá ń kọ́ ipò nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ pé mẹ́wàá mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún. Nígbà tó bá ń ka nǹkan, kó pè é ní orúkọ rẹ̀. Mi ò fara mọ́ àwọn tó fẹ́ kí a pa ti àtijọ́ tì, torí pé ọmọ tó mọ̀ pé 45 jẹ́ 50 tó dín 5 ti kọ́ bí a ṣe ń ṣírò sórí láìmọ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000; àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ 1,000,000 gẹ́lẹ́. Ìsọdipúpọ̀ tó dára fún ìwé karùn-ún nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá dé orí ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá, tí a fi ń wá ibi tí àmì kan wà lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ṣẹ̀dá ohunkóhun. Ìbú ni èyí tó dùbúlẹ̀, òòró ni èyí tó dìde. Ọmọ á rìn mẹ́ta níbùú, á gun mẹ́rin lóòró, á sì rí àmì náà.

Sáyẹ́ǹsì ìwé karùn-ún dá lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run, nínú omi àti láàárín ohun abẹ̀mí. Ìyípo omi rọrùn: omi ń di oru, oru ń sẹ̀ bí ìrì. "Sẹ̀" tí a ń lò fún ìrì ló bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ìgò omi tútù mu pátápátá, nítorí náà ìsẹ̀ ìrì ni mo pè é. Òjò-dídì ti wà nínú Bíbélì Yorùbá fún ohun tí ọmọ Chicago ń rí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Òòfà tí a mọ̀ mọ́ irin la fi ń pe agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan sọ́dọ̀, èyí náà sì tọ̀nà, torí fífà ni iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn kòkòrò àti olú tí ń sọ òkú ewé di ilẹ̀ yẹ ní orúkọ tó fi iṣẹ́ wọn hàn: asọdilẹ̀. Àmọ́ kí átọ́ọ̀mù máa jẹ́ átọ́ọ̀mù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń rí àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, tí a sì ń sọ pé ajá òṣùpá ni. Ìwé ọmọ á sọ fún un pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus yìí kì í ṣe ìràwọ̀, pé ó ń yí oòrùn po bíi ti ayé, pé ó súnmọ́ oòrùn jù wá lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n ní àgùàlà. Á mọ̀ pé àwọn tó bí òun náà ti ń wòkè.

Ìtàn ni ó le jù, torí pé ọ̀rọ̀ ìtàn máa ń gbé ìtàn tirẹ̀ dání. Ìwé karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ti ń kọ́ bí orílẹ̀-èdè wọn ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn ilẹ̀ 13 tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tíì tí wọ́n dà sómi ní Boston ní 1773, ìkéde òmìnira ní 1776, ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Philadelphia ní 1787. Bí a bá ní ìjọba amúnisìn, etí Yorùbá á gbọ́ pé àwọn àjèjì ló mú onílẹ̀ sìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà lórí owó orí ni ọmọ àwọn àjèjì fúnra wọn. Àwọn onílẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó gúnlẹ̀, wọ́n sì pàdánù ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni yòówù tó borí. Ilẹ̀ abẹ́ ọba ni kí a pe àwọn 13 wọ̀nyẹn. Ẹni tí ọba fi sórí wọn ni ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì wúwo dáadáa: ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú Èkìtì wà lára ohun tó fa Ogun Kírìjì ní 1877, ogun tí wọn kò túká níbẹ̀ títí di 1893. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí á mọ ìdí tí inú fi ń bí àwọn ará Boston.

Ìwọ̀fà la máa kọ́kọ́ rò fún àwọn tálákà Yúróòpù tó fi iṣẹ́ ọdún mẹ́rin sí méje san owó ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwọ̀fà jẹ́ èlé orí owó. Gbèsè kì í dín títí tí owó fúnra rẹ̀ yóò fi padà. Ní ti àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ ni owó: ọdún pé, gbèsè tán. Afiṣẹ́sangbèsè ni orúkọ tó yẹ wọ́n. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń kó wá sí Virginia láti 1619 kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, òfin sọ oko ẹrú di ogún tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, ó sì so ó mọ́ àwọ̀ ara. "Ẹrú" lásán kò sọ èyí tán. Ẹrú àjogúnbá ni, òbí sì gbọ́dọ̀ dúró ṣàlàyé rẹ̀, kó má sáré kọjá.

Gírámà kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ti di ohun tí gbogbo ọmọ tó ka Yorùbá nílé-ìwé mọ̀. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe tẹ̀ lé e ní 1990, wà fún ẹni tó bá fẹ́ sí i.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, wọ́n sì ṣe é délẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò, wọ́n kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn lẹ́gbẹ́. Ìwé karùn-ún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ni nínú iṣẹ́ náà, tàbí tí àwọn ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì tó bá súnmọ́ yín. Àwọn òbí kan ní Houston ń wá wọn.