Ẹṣin Tí Ó Ṣáájú Ẹṣin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá kò ṣàì mọ ẹṣin. Òun ni agbára ogun Ọ̀yọ́, tí ó jọba lé wa lórí kí Lísàbí tó dá wa sílẹ̀. Síbẹ̀, àlejò ni ẹṣin ní ilẹ̀ wa: láti òkè ọya ni a ti ń rà á wá, eṣinṣin tsetse kì í sì í jẹ́ kí ó pẹ́ nínú igbó. Ǹjẹ́ ẹṣin wo ni ó wá ṣáájú rẹ̀ ní Áfíríkà?

Hipparion ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe baba ńlá ẹṣin òní, ìbátan rẹ̀ ni. Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi òkun fà, ó gba orí ilẹ̀ tí ó so Amẹ́ríkà mọ́ Éṣíà kọjá, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìka mẹ́ta ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan; ti àárín ni ó ń gbé ara, méjì yòókù kéré. Eyín rẹ̀ gùn, nítorí koríko ni oúnjẹ rẹ̀.

A rí egungun rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Djurab ní Chad, nínú ilẹ̀ tí ó ti tó mílíọ̀nù 7 ọdún. Ní Laetoli, ní Tanzania, Mary Leakey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ńlá àti ti ọmọ, nínú eérú òkè oníná, nítòsí ipa ẹsẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú ènìyàn. Ó ti tó mílíọ̀nù 3.6 ọdún. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìran Hipparion kú tán.

A kò lè retí irú egungun bẹ́ẹ̀ nínú òkúta líle bí Olúmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Adigbe lọ sí Ewékorò yóò rí òkúta ẹfun tí òkun fi sílẹ̀ kí ìdílé ẹṣin tó dé ayé.

Ẹ̀yin olùkọ́, a sábà máa ń sọ fún ọmọ wa pé ohun tí ẹnu kò ròyìn, tí ìwé kò sì kọ, kò ní ìtàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òwe kan tí ó dárúkọ Hipparion, síbẹ̀ ilẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti gbọ́ ẹ̀rí ẹnu, kí wọ́n sì gbọ́ ti ilẹ̀ pẹ̀lú.