Ibi tí Ìwé Atúmọ̀-Èdè Yorùbá Ń Gbé, láti 1843

Ní ọdún 1843 ni ẹgbẹ́ C.M.S. tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n fi Crowther jẹ oyè àlùfáà. Ohun kan wà nípa ìwé náà tí a kì í sábà kíyè sí: ẹni tí ó bá rà á ti ra gbogbo rẹ̀ pátá. Ó lè gbé e dé Àgbádárìgì tàbí Abẹ́òkúta, kò sì níláti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣí i.

Bákan náà ni àwọn tí ó tẹ̀lé e rí. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde ní 1858, C.M.S. tẹ òmíràn ní Èkó ní 1913. Ní 1958 ni ìwé ńlá R. C. Abraham dé, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń yẹ̀ wò títí di òní. Àbùkù wọn kò farasin. Ọ̀rọ̀ tuntun kò lè wọ inú ìwé lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá “kọ̀ǹpútà” nínú ìwé 1913, irun ni ó ń wá lára ahun.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí. A dá Wiktionary sílẹ̀ ní ìparí 2002; ní nǹkan bí 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ YorubaName, níbi tí ará ìlú ti lè fi orúkọ ìdílé wọn kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ọ̀pọ̀ orúkọ ni kò sí míṣọ́nnárì kankan tí ì bá bèèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibùgbé ìwé ti yí padà. Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, ó ń gbé inú ẹ̀rọ tí ó wà lọ́nà jíjìn. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, fóònù wa níláti rán ìránṣẹ́ lọ. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìránṣẹ́ kò lọ. Bí dátà bá tán, kò lọ. Bí ẹni tí ó ni ilé náà kò bá lè san owó rẹ̀ mọ́, ilé a di títì. Olùkọ́ tí a rán lọ sí abúlé tí wọ́n ti ń gun òkè kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ ohun tí mo ń wí.

Èyí tí a gbé sínú fóònù fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ òun náà ní tirẹ̀. Ètò tí kò bá ka àmì ohùn sí yóò da ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ pọ̀ sójú kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi rí ọkọ ìyàwó níbi tí ó ti ń wá irinṣẹ́ àgbẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a lè ṣe àtúnṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí ó wà nínú fóònù yóò máa gbé àṣìṣe tirẹ̀ kiri títí a óò fi gba òmíràn.

Kiwix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, sún ọ̀nà méjèèjì mọ́ ara wọn díẹ̀. A lè gba odidi Wiktionary, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ní ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí a kó o sórí mẹ́mọ́rì káàdì, kí a sì máa kà á ní abúlé láìsan dátà. Ẹ̀dà orí káàdì yìí kò ní mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi kún un lẹ́yìn ọjọ́ tí a gbà á. Ní ti èyí, òun àti ìwé 1913 bá ara wọn tan.