Eérú àti Èédú: Ìtàn Pàǹtírí Oko àti Mímú Afẹ́fẹ́ Èédú ní Agbègbè Jobele



Gáàsì kan wà tí ń jáde nígbà tí igi, epo rọ̀bì àti èédú inú ilẹ̀ bá ń jó. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní afẹ́fẹ́ èédú. Ní ọdún 1958 tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, nǹkan bí ìpín 315 ni ó jẹ́ nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Ní ọdún 2023, ó ti kọjá 420. Ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ohun tí a ó fi mú un lẹ́nu ihò èéfín kí ó tó fọ́n ká. Pàǹtírí oko wà lára ohun tí wọ́n ń dán wò.

Òpìtàn ni èmi, n kì í ṣe onímọ̀ kẹ́mísìrì. Ìbéèrè tí mo ní kò ju èyí lọ: ta ni ó ni ohun tí a ń pè ní pàǹtírí, kí ni wọ́n sì ti ń fi í ṣe kí a tó dé? Èrò mi ni pé ohun méjì tí iṣẹ́ tuntun yìí gbára lé, èédú àti èròjà inú eérú, ti wà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn obìnrin tí ń se ọṣẹ láti ìgbà pípẹ́. Bí a kò bá kà wọ́n kún, ohun-ìní wọn ni a ó gbà ní orúkọ àtúnṣe ayé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Jobele ṣe ibùdó ọ̀rọ̀ wa. Jobele ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Ó wà láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, Fìdítì àti Ìlọrà sì jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Ìlọrà wà lára ibi tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà dá àwọn oko ìjọba sí fún àwọn ọ̀dọ́, lẹ́yìn ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1959. Ohun tí a bá kó lóko níbẹ̀ kò ṣàì fi nǹkan sílẹ̀: ẹ̀gẹ́ a fi èèpo sílẹ̀, àgbàdo a fi pòròpórò àti ṣùkù sílẹ̀, ọ̀pẹ a fi ìdì ẹyìn àti èèpo líle èkùrọ́ sílẹ̀.

Ìtàn èkùrọ́ ni yóò kọ́kọ́ là wá lójú. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti di ọjà pàtàkì ní èbúté Èkó. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Jámánì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà ọjà náà túbọ̀ là fún àwọn ará òkè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó ń pa èkùrọ́ náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàrin òkúta méjì. Ọmọ inú rẹ̀ lọ sí òkèèrè. Èèpo rẹ̀ dúró sílé. Wọ́n fi dáná, wọ́n sì dà á sí ojú ọ̀nà tí ó ní ẹrẹ̀.

Àwọn tí ń fi iná ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa mọ iyì èédú. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó, tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin nínú iléru. Èédú ni iná iléru ń jẹ. Ẹni tí ó bá sì ń sun èédú ti mọ òfin kan: bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, igi á di eérú, bí a bá sé e mọ́, á di èédú.

Òfin kan náà ni Yúróòpù tẹ̀ lé. Ní 1773, Carl Scheele, ará Sweden, ti rí i pé èédú a máa fa gáàsì mọ́ra. Ní nǹkan bí 1900 ni Raphael von Ostrejko gba àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń sọ èédú di alágbára, nípa fífi oru omi tàbí èròjà mìíràn lu inú rẹ̀ ní ihò tíntìntín. Nígbà tí gáàsì olóró dé ojú ogun ní 1915, èédú báyìí ni wọ́n kó sínú ìbòjú àwọn ọmọ ogun. Ní 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa kó kóró èso àti èèpo àgbọn jọ fún un, nítorí pé èèpo líle ni ó ń di èédú tí kì í tètè rún. Ojú ihò inú gíráàmù kan péré, bí a bá lè tẹ́ ẹ sílẹ̀, lè ju 1,000 mítà níbùú-lóròó lọ. Èèpo èkùrọ́ tiwa líle bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ eérú. Obìnrin tí ń se ọṣẹ dúdú a sun ìdì ẹyìn tàbí èèpo kòkó, a sẹ́ eérú rẹ̀ lómi, a sì se omi náà pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo. Ohun tí ó ń wá nínú eérú náà ni pọtáṣíọ̀mù kábọ́nétì. Orúkọ pọtáṣíọ̀mù gan-an, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí ó túmọ̀ sí eérú inú ìkòkò ni ó ti wá. Àwọn kan lè sọ pé àṣà àtayébáyé lásán ni ọṣẹ yìí. Rárá o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìyá àgbà kankan láyé Ọ̀yọ́ Ilé tí ó mọ eérú kòkó. Àwọn obìnrin rí èèpo tuntun lórí ààtàn, wọ́n dán an wò, wọ́n sì yàn án. Ìwádìí ni à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èròjà inú eérú yìí kan náà ń gba afẹ́fẹ́ èédú. Joseph Black ti fi ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì hàn ní Scotland ní 1756. Ní àwọn ọdún 1950, Homer Benson àti Joseph Field ní Amẹ́ríkà lo omi gbígbóná tí a po pọtáṣíọ̀mù kábọ́nétì sí láti fọ afẹ́fẹ́ èédú kúrò nínú gáàsì ilé iṣẹ́. Lónìí, a tún ń fi èròjà pọtáṣíọ̀mù lu èédú ní ihò. Ní 2011, Marta Sevilla àti Antonio Fuertes ní Spéènì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó. Kílò kan èédú wọn gba nǹkan bí 210 gíráàmù afẹ́fẹ́ èédú. Báyìí ni eérú àti èédú pàdé.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sọ àsọdùn. Inú gáàsì tí kò ní àdàlù ni wọ́n ti rí iye yẹn. Èéfín gidi ní ọ̀rinrin àti àdàlù nínú, ohun tí èédú yóò gbà níbẹ̀ yóò dín kù. Lẹ́yìn tí a bá sì mú gáàsì náà tán, a gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. Bí a bá sun èédú náà nínú iná tí ń rú èéfín káàkiri, ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì dànù ni.

Ìkìlọ̀ mi tí ó tóbi jù kì í ṣe ti kẹ́mísìrì. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí onímọ̀ kan pè ní pàǹtírí, oúnjẹ ewúrẹ́ ẹlòmíràn ni. Àwọn olùwádìí ILRI àti IITA ní Ìbàdàn pàápàá ti fi hàn pé a lè sọ ọ́ di oúnjẹ ẹran tí a ń tà. Èèpo èkùrọ́ jẹ́ iná ìdáná fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé láti kó wọn lọ ni owó wọn yóò gòkè, ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ rántí pé nígbà ayé ọjà èkùrọ́, ẹni tí ó pa á kọ́ ni ó dá iye tí wọ́n ń rà á.

Nítorí náà, bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí lọ sí Jobele, kí ó kọ́kọ́ ya èyí tí ń jó dànù lóko sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ti ní olówó. Kí ó ra èyí tí ó bá kó pẹ̀lú ìwọ̀n tí gbogbo ojú rí. Kí ó sì pe àwọn obìnrin tí ń se ọṣẹ wá sí ìjókòó gẹ́gẹ́ bí olùwádìí, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ eérú tí ó mú àti eérú tí kò mú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n kí a tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó ni ṣòkòtò náà.