Oṣù Méjìdínlógún ní Àgbádárìgì

Creek Road ní Àpápá kò gba orúkọ rẹ̀ lásán. Ọ̀sà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ya lára ọ̀sà Èkó, tí ó sì forí lé ìwọ̀-oòrùn títí dé Àgbádárìgì. Lónìí tírélà àti kọ̀ǹténà ni ojú ń rí níbẹ̀ títí dé Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àwọn ajíhìnrere ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kí ó fi ọkàn bá omi náà lọ.

Ìtàn tí a ń gbọ́ láti kékeré kò gùn: òyìnbó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó wàásù lábẹ́ igi Agíà, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó parí. Lójú tèmi, ìtàn yìí gba ògo lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Àwọn Sáró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tí a sì kó lọ sí Freetown, ni wọ́n kọ́kọ́ padà wálé. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ni ó kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán oníwàásù wá. Ìpè yìí ni Thomas Birch Freeman jẹ́ ní September 24, 1842. Òun náà pàápàá, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé ní December 17, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì. Townsend lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta ní January 1843, ó sì padà. Andrew Wilhelm, Sáró ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá a lọ, ni ó dúró síbẹ̀.

Ní January 17, 1845, Townsend tún dé, òun pẹ̀lú Gollmer àti Samuel Crowther, ìyẹn Àjàyí ọmọ Òṣóògùn, tí a kó sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó ní 1822. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ yà ní Àgbádárìgì. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun Ẹ̀gbá àti Adó, tí Dàhòmì ti tọwọ́ bọ̀, sì ti dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó sí ìlú tí òwò ẹrú kò tíì tán nínú rẹ̀, fún oṣù méjìdínlógún.

Kí ni wọn yóò máa ṣe? Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n ń wàásù. Ọ̀rọ̀ èdè ni ó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì ti ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní January 9, 1844. Ṣùgbọ́n èdè Ègùn ni púpọ̀ nínú àwọn ará Àgbádárìgì ń sọ! Ọmọ ilẹ̀ tí ó padà wá pẹ̀lú èdè ìyá rẹ̀ tún ní láti wá ògbifọ̀ fún apá kan nínú àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti Townsend, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá kí ó tó dé Ègùn. Bí mo bá rí i pé a ń fi ìyànjú wọn wé ti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè wàásù lóde òní, ẹ̀rín a máa pa mí.

Síbẹ̀, n kò ka oṣù wọ̀nyí sí òfò. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ogún ní ilẹ̀ àjèjì, àárín àwọn tí ń fi Yorùbá ná ọjà, tí wọ́n fi ń jà, tí wọ́n fi ń ṣàwàdà, ni Crowther tún wà. Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850.

Ní August 3, 1846, Townsend àti Crowther wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Àfàlá ìyá Crowther wá bá a, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́. Ní February 5, 1848, a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, a sì sọ ọ́ ní Hannah.