Orúkọ Tó Ṣeé Ké: Àpò Awakọ̀ Tuntun ní Lọ́kọ́jà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni yóò máa wa ọkọ̀ láti Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá, lójú ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ńtì láti Ọbàjànà àti táńkà epo kì í fìgbà kan sinmi. Mo ní kó wá ká jọ di ẹrù tí yóò máa wà nínú búùtù rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá yọnu. Ó mú ìwé pélébé kan tí wọ́n fún un níbi tó ti kọ́ ọkọ̀ wá. Ẹnì kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun kejì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìyí: “ohun èlò alágolo pupa tí a ń lò láti fi pa iná tó bá ṣẹ́yọ nínú ọkọ̀.”

Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún fún ohun kan ṣoṣo! Kí èèyàn tó pè é tán, iná ti dé ìjókòó ẹ̀yìn. Ohun tí a ń wá nígbà ewu, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ké. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í ka gbólóhùn. Orúkọ ni yóò ké, kí ẹni tó wà nítòsí sì ti mọ ohun tí òun máa nawọ́ sí. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn gbogbo ọ̀rọ̀ inú àpò ọmọ yìí nìyẹn.

Àwọn kan kò ní wàhálà nínú. Táyà, bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, sípánà, kẹ́ẹ̀gì omi: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Kí táyà àfirọ́pò ní afẹ́fẹ́ nínú, kí sípánà bá nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu, kí òkúta tàbí igi tí a ó fi dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ ká máa pe jáàkì ní “ẹ̀rọ ìgbọ́kọ̀sókè”. N kò bá wọn lọ. Jáàkì ti gba ohùn Yorùbá, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n, ó sì ṣeé ké.

Èdè wa kò tijú yíyá ọ̀rọ̀ rí. Ìlú tí mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé, lè jẹ́rìí sí i. Lọ́dún 1841, Àjàyí Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ ojú omi gòkè dé ìpàdé odò yìí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kó jọ jáde. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n mú àlùfáà, wòlíì àti àdúrà, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ inú èdè wa. Ìjọ kò kọ̀ wọ́n. Bí àdúrà bá lè wọlé láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá kó sì di tiwa, kí ló dé tí jáàkì kò fi ní wọlé?

Ṣùgbọ́n kí a tó yá, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé, ká nà án wò bóyá yóò tó. Ẹ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Odò ló ti wá. Igi tí a gbẹ́ nínú, tí à ń fi àjẹ̀ wà lórí omi, ni ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé. Nígbà tí mọ́tò dé, a fa ọkọ̀ gòkè wá sórí ilẹ̀, a sì fa iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e: wà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Gánájà lọ sí Kotonkafe lónìí, ọ̀rọ̀ tí apẹja ń lò fún àjẹ̀ rẹ̀ náà ló ń lò. A fún ọkọ̀ ní ẹsẹ̀, a fún un ní ojú. Bákan náà ni a ṣe ẹ̀ṣọ́. Jagunjagun ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ láyé Ọ̀yọ́. Lónìí, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tú u fún òun. (Nọ́ńbà wọn ni 122, mo ní kí ọmọ mi kọ ọ́ sára àpò.)

Ó wá ku agolo pupa. Ìyẹ̀fun kẹ́míkà gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, nítorí omi kò ṣeé dà sí iná epo bẹntiróòlù: epo yóò léfòó, iná yóò sì bá a tàn káàkiri. A ó yọ pínnì, a ó dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, táńkà epo kan já lọ́wọ́ awakọ̀ ní Fẹlẹlẹ, nínú ìlú wa níbí, iná rẹ̀ sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Níwájú irú iná bẹ́ẹ̀, kí a sá ló kù.

Kí ni ká wá máa pè é? Àwọn kan ní panápaná. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ èèyàn ni. Nígbà tí Yorùbá bá sọ ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀ di méjì báyìí, oníṣẹ́ ló sábà máa ń bí: gbẹ́nàgbẹ́nà, pẹjapẹja, jagunjagun. Bí mo bá ké “Panápaná!” lójú ọ̀nà, ṣé agolo ni mò ń bèèrè ni, tàbí mò ń pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun ọkọ̀ bọ̀ wá pa iná? Àwọn mìíràn ní apaná. Èyí sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a- iwájú rẹ̀ máa ń fún ohun náà ní ọwọ́ ara rẹ̀. Amúlétutù ń mú ilé tutù fúnra rẹ̀ nígbà tí onílé ti sùn. Agolo yìí kò lè dá nǹkan kan ṣe.

Ọwọ́ ì- ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ohun tó ti ṣe fún wa: gbá ilẹ̀, ìgbálẹ̀, ya irun, ìyarun, bọ ọwọ́, ìbọ̀wọ́. Gbogbo wọn ló ń dúró de ọwọ́ ọmọ ènìyàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Èyí tó sì parí ẹjọ́ fún mi wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa: ṣá iná, ìṣáná. Bí èyí tí a fi ń ṣáná bá jẹ́ ìṣáná, èyí tí a fi ń paná yóò jẹ́ ìpaná. Àwọn méjèèjì jọ bí ìbejì: ọ̀kan ń bí iná, èkejì ń pa á. Ẹni tó bá sọ pé ìpaná lè dàpọ̀ mọ́ iṣẹ́ pípa náà, kó rántí pé iṣẹ́ ti ní orúkọ tirẹ̀, pípaná. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ké ìpaná. Mo fọwọ́ sí i.

Èyí tó gba oorun lójú mi jù ni ti onígun mẹ́ta pupa tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní sì-kọ́ṣọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà la ti sọ ọ́ lórúkọ. “Àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta” ni ìwé pélébé yẹn pè é, ó sì gùn jù. Nígbà náà ni mo wá rántí ohun tí gbogbo wa ń rí láàárín Ọ̀kẹ́nẹ̀ sí Lọ́kọ́jà: ọkọ̀ bàjẹ́, ọmọ ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, ó tò wọ́n sójú títì láti òkèèrè wá títí dé ìdí ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló gbọ́ ohun tí ewé wí, wọ́n sì dẹ ẹsẹ̀.

Ààlè ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Àkísà, sùkù àgbàdo tàbí ògbólógbòó bàtà tí wọ́n so mọ́ igi ìdáná tí kò ní olùṣọ́, ààlè ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Mo gbé e fún awakọ̀ àgbà kan ní gáréèjì, ó mi orí. Ó ní, “Ààlè ń halẹ̀ mọ́ olè. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.” Òótọ́ ló sọ. Ààlè ní èpè nínú, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa gbé èpè sẹ́yìn ọkọ̀.

Mo gòkè lọ bá ìyá tó bí ààlè: àrokò. Gbogbo ohun tí a bá fi ránṣẹ́ dípò ẹnu, àrokò ni. Ẹyọ owó mẹ́fà ni àrokò olólùfẹ́, nítorí ẹ̀fà ni, ọkàn mi sì fà sí ọ. Mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, èrò wa jọra. Iye nǹkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá ka igun ohun pupa yìí: mẹ́ta, ẹ̀ta. Kí ni ẹ̀ta ń wí fún ẹni tó ń bọ̀ lórí eré? Ẹ ta kété! Ẹ ta kété sí mi o! Èmi kọ́ ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Igun mẹ́ta yẹn ló gbé e wá fúnra rẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ló gé e. Láti ọjọ́ náà, àrokò ni mò ń pè é, tàbí àrokò ọ̀nà bí a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àrokò yàtọ̀ sí àròkọ tí ẹ ń kà yìí. Ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ mi á ka àádọ́ta ìṣísẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, á gbé àrokò kalẹ̀.

Àpótí òògùn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. “Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́” ni ìwé náà kọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ń yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀: ẹni tó gbọ́ ọ yóò máa retí ìkejì àti ìkẹta. Yorùbá ti ní ojú ẹsẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà, kó o tó gbé e kúrò, ibẹ̀ ni kó o ti ṣe é. Ojú egbò ń dúró de ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀: ẹ gbọ́ bí ojú ṣe ń wo ojú. Àpótí ojú ẹsẹ̀, ó parí. Báńdéèjì, òwú, ìbọ̀wọ́ wà nínú rẹ̀. Okùn tí a fi ń wọ́ ọkọ̀, ìwọ́kọ̀. Ì- tún ṣe é.

Orúkọ àpò náà ló kù. Àpò pàjáwìrì ni gbogbo èèyàn ń sọ. Àmọ́ pàjáwìrì ni ohun tó ń bọ̀ wá bá ni. Àpò yìí ni ohun tí a ti ṣe sílẹ̀ dè é. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mo pè é ní àpò àgbọ́tẹ́lẹ̀. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé la ti ń dì í, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣeé ké.

Mo fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sára ohun kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé tó kọjá, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Gánájà kó yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò. Ó gbé agolo pupa kúrò lórí táyà àfirọ́pò, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ẹ má fi ìpaná sínú búùtù. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni kó máa wà.” Ó wá bi mí ibi tí mo ti rà á. Kò bi mí ohun tó ń jẹ́ ìpaná.