Olúwálé Tí Kò Rílé Sùn: Ọ̀rọ̀ fún Wa Lórí Ẹni Tó Ń Sùn Nínú Ọjà

  

Ẹ ó rántí fídíò kan tó wọ inú gúrúùpù wa lóṣù tó kọjá. Ọkùnrin kan ló sùn sábẹ́ páànù ọjà, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì bora, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Ẹni tó ń ya fídíò náà ń rẹ́rìn-ín. Láàárín wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn kan ní wèrè ni. Àwọn kan ní amí ajínigbé ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n da omi tútù sí i lára, yóò dìde fúnra rẹ̀. Èmi náà wò ó, mo sì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà ti lọ. Títí di òní, kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo wa tó mọ orúkọ rẹ̀.

Mi ò kọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará ilé kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n pa Ọba Koro láàfin. Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kan náà la jọ wà. Ẹni tó bá ní ká má fura sí àlejò tó sùn sọ́jà, kò mọ ohun tójú wa rí. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa ṣọ́ ara wa, tí a ò sì ní sọ ọmọ ènìyàn di ẹran? Ìtàn ọmọ Yorùbá kan ló ń dà mí láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba.

David Olúwálé ni wọ́n ń pè é. Èkó ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930. Lọ́dún 1949, ó sá wọ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan láìsan owó, ó sì gúnlẹ̀ sí Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí i káàbọ̀. Nígbà tó jáde, ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Leeds, ó ń ṣiṣẹ́ alágbára níbi tó bá ti rí i. Ọmọ fáàrí ni nígbà yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Yankee nítorí bó ṣe máa ń ṣe bí ọmọ Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 1953, ìjà ọ̀rọ̀ owó kan ní òtẹ́ẹ̀lì gbé e padà sí ẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti sọ pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Menston. Ọdún 8 ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1961, Yankee àtijọ́ ti lọ. Kò lè di iṣẹ́ kan mú mọ́, kò sì rí yàrá gbà. Wọ́n tún dá a padà síbẹ̀ fún bí ọdún méjì, ó sì jáde ní 1967. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù ní àárín ìlú Leeds ni ilé rẹ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ o: Olú wá ilé. Òun gan-an kò sì rílé wá.

Àwọn ọlọ́pàá méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri lóru. Wọ́n á bá a lójú oorun, wọ́n á nà án, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbá a. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé e sínú mọ́tò, wọ́n á lọ já a sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú òtútù. Nínú ìwé ọlọ́pàá, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lóru ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n rí i kẹ́yìn láàyè. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Wọ́n sin ín sínú ibojì àwọn tálákà pẹ̀lú àwọn òkú mìíràn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kò bá parí síbẹ̀ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe ti ọlọ́pàá kékeré kan tó là á síta lọ́dún 1970 pé ohun tí òun gbọ́ kò dùn mọ́ òun nínú. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lọ sí kóòtù lọ́dún 1971. Ẹ̀sùn pé wọ́n ṣekú pa á kò mú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sẹ́wọ̀n nítorí lílù tí wọ́n lù ú. Lónìí, afárá kan wà lórí odò yẹn tó ń jẹ́ orúkọ Olúwálé, ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Kó tó dìgbà náà, ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé àmì ìrántí kan kọ́ fún un. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn kan jí i lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, àwọn ọlọ́pàá yẹn ni inú mi ń bí sí. Nígbà tí mo tún un rò, ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Ogún ọdún ni Olúwálé fi gbé lẹ́yìn odi. Ìlú ńlá ni Leeds. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn sí. Àwọn tó rí i pọ̀. Àwọn tó wá a ní ìwákúwàá sì wà. Ẹni tí yóò sọ pé "tiwa nìyí" ni kò sí.

Nílé wa ńkọ́? Lọ́dún 1954, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ti Olúwálé mọ́ Menston, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, kò sí bẹ́ẹ̀dì tó máa gba àwọn aláìsàn. Lambo kò dúró de bíríkìlà. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní yàrá, wọ́n á sì gba owó ilé. Òfin kan ló là sílẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, aláìsàn á padà sí abúlé, á bá wọn ṣiṣẹ́ oko, á bá wọn jó bí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ.

Àwọn ará abúlé kò sá. Wọ́n gba owó ilé, ilé ìwòsàn sì bá wọn tún ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ṣe. Àwọn dókítà láti òkè òkun wá ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tó ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nínú agbo ilé. Àlejò tó bá wọ̀lú, ọ̀dọ̀ baálé ló ń wọ̀ sí. Wọ́n á béèrè pé ọmọ ta ni, láti ibo. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ààbò ìlú, òun náà sì ni ààbò àlejò. Ẹni tí a bá mọ orúkọ bàbá rẹ̀ kì í rọrùn láti pa, kì í sì í rọrùn fún òun náà láti ṣe ìlú níbi.

Àwọn àgbà wa ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Fídíò tiwa lọ́jọ́ yẹn, wíwò la wò ó. Ọmọ ẹnì kan ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ohun tí a máa ṣe bí a bá tún rí ẹni tó ń sùn síta.

Àkọ́kọ́, ká má ya fídíò. Ká má jí i pẹ̀lú igi tàbí omi. Kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ bá a lójú ọ̀sán, kí wọ́n jókòó díẹ̀ jìnnà sí i, kí wọ́n kí i, kí wọ́n sọ orúkọ tiwọn kí wọ́n tó béèrè tirẹ̀. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa, Fúlàní, Nupe tàbí Ebira. Ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń pè ní wèrè, èdè wa ni kò gbọ́.

Ìkejì, lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí ààfin àti àwọn fijilántè mọ̀. Èyí wà fún ààbò tiwa, ó sì wà fún tirẹ̀, kí ẹnì kankan má fi òru bojú lọ lù ú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mú ìfura wá, iṣẹ́ àwọn agbófinró ni, kì í ṣe ti èrò ọjà.

Ìkẹta, oúnjẹ, omi, ẹní àti aṣọ ìbora. Ẹ bi í pé kí ló ń fẹ́. Ó lè jẹ́ bàtà ni, ó lè jẹ́ owó ọkọ̀. Bí egbò bá wà lára rẹ̀ tàbí ibà ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá lọ geere, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 sì sọ pé alárùn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bíi ti gbogbo èèyàn.

Ìkẹrin, ẹ bá a wá àwọn èèyàn rẹ̀. Ibí yìí ni fóònù wa ti wúlò. Bó bá dárúkọ ìlú kan, kò sí ìlú tí a ò ní ọmọ Òkè-Òpin kan tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ pe àwọn àgbà ibẹ̀, ẹ má gbé ojú rẹ̀ káàkiri. Kí iṣẹ́ náà má sì bọ́ sọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, torí ó máa sú u.

Ẹ̀yin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, StreetLink wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí ẹni tó ń sùn síta fún wọn, wọ́n á fi tó àwọn tó ń ṣèrànwọ́ ládùúgbò náà létí. Ẹ ṣáà dúró kí i pẹ̀lú. Ta ló mọ̀ bóyá Yorùbá ni yóò fi dá yín lóhùn?

Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀: ká ní èèyàn mẹ́rin tí wọ́n á máa pè bírú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, méjì lọ́kùnrin, méjì lóbìnrin, àti owó díẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ àti ọkọ̀ dé Ìlọrin. Mo ti fi orúkọ tèmi sílẹ̀. Ó ku mẹ́ta.

Ọkùnrin abẹ́ páànù yẹn ti lọ, a ò sì lè pè é padà. Bí ẹnì kan nínú yín bá rí i níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè orúkọ rẹ̀.