Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dírẹ́bà àti Òfin Eré

Ní OPIC tí mò ń gbé, ìró ọkọ̀ kì í dákẹ́ lóru. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, kò jìnnà sí ilé wa. N kò tíì fi ojú rí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò ṣàjèjì nílé wa rárá. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Dádì Ìbafò, ló gbé e wọlé.

Dádì Ìbafò ń wa bọ́ọ̀sì láti Berger lọ sí Mowé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá iye tí wọ́n bá fi sí i. Wọ́n fi ọ̀kan sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ jẹ́jẹ́ ni tírélà kan kọlù ú láti ẹ̀yìn. Èrò méjì fara pa, èjìká òun náà sì yẹ̀. Bó ṣe kúrò ní ọsibítù báyìí, ó ní kí mẹkáníìkì tú ẹ̀rọ náà dànù. Ó ní, "Ọmọ mi, bí gbogbo ayé bá ń sáré, tí ìwọ nìkan ń rìn, ìwọ ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ohun tí Google sọ nìyẹn gan-an. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ wọn sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ti ṣètò ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kí ó lè fi nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan kọjá ìwọ̀n tí òfin gbé kalẹ̀, bí àwọn ọkọ̀ yòókù bá ń sáré, nítorí pé ọkọ̀ tó ń falẹ̀ láàárín wọn lè fa ewu. Nígbà tí mo kà á, díẹ̀ ló kù kí n gbà fún Dádì Ìbafò. Ìtàn ni kò jẹ́ kí n gbà.

Ní ọdún 1865, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ rìn kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 4 ní wákàtí kan, máìlì 2 láàárín ìlú, kí ẹnìkan sì máa fi ẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa. (Ẹ rò ó wò, àsíá pupa láti OPIC dé Mowé!) Nígbà tó di ọdún 1903, wọ́n sọ ọ́ di máìlì 20. Àwọn awakọ̀ kò kà á sí. Ọ̀rọ̀ náà dé ibi pé ìjọba rí i bí òfin tí gbogbo ènìyàn ń rú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò fún mọ́tò ní ọdún 1930. Ohun tí Dádì Ìbafò ń fẹ́ nìyẹn, kí òfin máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1934, ènìyàn 7,343 ló kú sójú ọ̀nà wọn. Ní ọdún 1935, wọ́n dá òfin padà sáàárín ìlú, máìlì 30, èyí tó sún mọ́ kìlómítà 50 tí òfin tiwa náà fún àárín ìlú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ní ọdún 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà) dá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ló ṣáájú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tú u ká ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní ọdún 1988 ni wọ́n dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká kan náà sì ni alága àkọ́kọ́. Bí Ọ̀yọ́ bá ti ní òun yóò dúró kí gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bóyá a kì bá tíì bẹ̀rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni pé bí Dádì Ìbafò bá sáré, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sáré. Bí ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà bá fi 16 kún un, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló sáré lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni yóò wá di "gbogbo ayé" tí àwa tó kù yóò máa sá tẹ̀lé. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Tesla ní láti tún ètò inú ọkọ̀ tó lé ní 362,000 ṣe ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan ètò náà ni pé kì í tètè ṣe ohun tó yẹ nígbà tí àmì ìwọ̀n eré bá yí padà. Lójú tèmi, kí ọkọ̀ náà pa òfin mọ́.

Mo mọ̀ pé àmì náà máa ń purọ́. Àmì "40" kan wà lójú ọ̀nà wa tí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe gbàgbé síbẹ̀, iṣẹ́ ti parí tipẹ́. Kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ wá gbé e kúrò. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló yẹ kó máa yan èyí tó wù ú.

Mo ka àròkọ yìí fún Dádì Ìbafò. Ó ní, "Tírélà yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin ẹ̀rọ náà kan tírélà pẹ̀lú. Tí tiẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni, bóyá kò ní bá yín." Ó wò mí títí, kò fèsì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun gbé àpò ìrẹsì tó wà nínú bọ́ọ̀sì wọlé, èjìká òun kò gbà á.